Èbu ara ògiri: kí ni ìwádìí ìjọba rí, kí sì ni kò tíì rí?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Òfin Awaab, tó fún àwọn onílé ní gbèdéke ọjọ́ láti mú èbu kúrò nínú ilé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England. Láti ìgbà náà ni ohùn oríṣiríṣi ti ń lọ lórí WhatsApp nípa èbu, ìyẹn nǹkan dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sára ògiri àti àjà ilé tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ jù, ohun tí àwọn ará wa ní London kúkú ń pè ní mould. Àwọn kan ní bó bá ti dúdú, májèlé ni, kí èèyàn yára ra ohun èlò tí wọ́n fi ń dán afẹ́fẹ́ ilé wò. Àwọn mìíràn ní ìdọ̀tí lásán ni, pé kí ayálégbé ṣí fèrèsé kó sì dín ọbẹ̀ sísè kù. Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Britain ti ń ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú méjèèjì.

Ta ni Awaab, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i?

Awaab Ishak jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ìlú Rochdale, nítòsí Manchester, ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ tó wá láti Sudan ń gbé, nínú fúláàtì oníyàrá kan tó jẹ́ ti àjọ ilégbèé. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ èbu náà tó àjọ ọ̀hún létí. Wọ́n ní kó fi ọ̀dà kùn ún. Nígbà tó di 2020, ó gba lọ́yà; àṣé ìlànà àjọ náà ni pé wọn kò ní fọwọ́ kan ilé tí ẹjọ́ bá ti wà lórí rẹ̀, àfi bí àwọn lọ́yà bá kọ́kọ́ fẹnu kò. Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà ṣe wà títí ọmọ fi kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún méjì.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Joanne Kearsley, kọ́rọ́nà tó ń wádìí ohun tó pa ọmọ náà, sọ pé àìsàn èémí tó le ló pa á, àti pé èbu tó ti pẹ́ nínú ilé wọn ló fa àìsàn náà. Ìdájọ́ yìí ló mú kí ilé aṣòfin fi ọ̀rọ̀ èbu sínú òfin ilégbèé tí wọ́n ṣe ní 2023, tí wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà pe apá yẹn.

Kí ni òfin náà pa láṣẹ gan-an?

Ọjọ́ ló kà. Bí ewu bá jẹ́ èyí tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá kíákíá, onílé gbọ́dọ̀ wá wò ó kó sì mú ewu náà kúrò láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ọ̀rinrin tàbí èbu tó lè ṣàkóbá fún ìlera, onílé ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti wá yẹ ilé wò. Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí sínú ìwé fún ayálégbé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3, kó sì mú ewu kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Iṣẹ́ ńlá tí kò ní jẹ́ kí èbu padà, bíi títún òrùlé ṣe, lè gba àkókò díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ilé kò bá ṣe é gbé láàárín àkókò náà, onílé ni yóò wá ibòmíràn fún ìdílé náà, òun náà ni yóò sì sanwó rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òfin yìí gbọ́ ni ẹni tó kàn. Ilé káńsù àti ilé àjọ ilégbèé ní England nìkan ni ó dé báyìí. Kò kan Scotland, Wales tàbí Northern Ireland. Ẹni tó háyà ilé lọ́wọ́ onílé àdáni kò tíì sí lábẹ́ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí: òfin àwọn ayálégbé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 ti ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ní ti ilé àdáni, káńsù ṣì lè lo ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn ewu inú ilé. Ewu 29 ló wà nínú ìlànà náà, ọ̀rinrin àti èbu ni àkọ́kọ́ nínú wọn.

Níbo ni ọ̀rọ̀ "èbu dúdú olóró" ti wá?

Ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló ti wá. Láàárín oṣù Kìíní ọdún 1993 àti oṣù Kejìlá ọdún 1994, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìkókó mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò tó fara kan ara wọn. Ọ̀kan kú. Àwọn olùwádìí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, wọ ilé wọn. Wọ́n bá ọ̀pọ̀ ibi tí omi ti bà jẹ́ pàdé, wọ́n sì rí èbu kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stachybotrys chartarum, èyí tó máa ń dúdú tó sì máa ń yọ̀ fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1997, wọ́n so èbu yìí mọ́ àìsàn àwọn ọmọ náà, àwọn oníròyìn sì gbé e káàkiri.

Ohun tí kò tàn kálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé CDC fúnra rẹ̀ padà yẹ iṣẹ́ náà wò, ó sì pe àwọn onímọ̀ láti ìta pẹ̀lú. Wọ́n rí àṣìṣe nínú ìṣirò. Wọ́n tún rí i pé àwọn tó lọ kó eruku mọ ilé tí ọmọ ti ṣàìsàn yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n fi wé e, wọ́n sì gbo eruku dìde ní ilé àwọn aláìsàn ju ti àwọn yòókù lọ. Bí o bá gbá ibì kan kíkankíkan, tí o sì rọra fọwọ́ kan ibòmíràn, ó dájú pé ibi tí o ti gbá kíkankíkan ni wàá ti rí nǹkan púpọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, CDC kéde pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ pé èbu yẹn ló fà á.

Ìkéde yìí kò mú ìbẹ̀rù kúrò. Ní 2001, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Texas ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò san mílíọ̀nù 32 dọ́là fún onílé kan tí èbu ba ilé rẹ̀ jẹ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 32 ni àwọn èèyàn rántí. Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé dúdú kì í ṣe orúkọ irú èbu kan. Cladosporium, Alternaria àti Aspergillus niger náà máa ń dúdú. Stachybotrys kì í tilẹ̀ hù sí ibi tí ìrì kan fọ́n sí. Ohun tó fẹ́ ni pátákó tàbí bébà tí omi ti rin gbingbin fún ọjọ́ púpọ̀.

Kí wá ni àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé?

Lẹ́yìn rúkèrúdò Cleveland, CDC ní kí Institute of Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kó gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ. Wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ìjọba ṣì dúró lé títí di òní. Wọ́n pín àìsàn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó.

Ẹ̀rí tó péye wà pé ìwọ̀nyí máa ń bá ọ̀rinrin àti èbu rìn: imú dídí àti ọ̀fun dídùn, ikọ́, mímí tó ń dún fée-fée, àti kí ikọ́ fée (asthma) gbé ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi àìsàn kan kún un, èyí tó máa ń mú ẹ̀dọ̀fóró wú lára àwọn díẹ̀ tí ara wọn kò gba èbu rárá. Ẹ̀rí wà ṣùgbọ́n kò tíì lágbára ní ti àìsàn èémí lára ọmọ tí ara rẹ̀ le, àti ní ti bóyá ọ̀rinrin lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in rí. Ní ti àárẹ̀ ara tí kò lọ, ìgbàgbé, ààrùn jẹjẹrẹ, àti ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìkókó, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni ìjà pọ̀ lé lórí jù. Àwọn tó ń ta oògùn "ìfọ̀ májèlé èbu" kúrò lára máa ń ṣe bí ẹni pé ìwádìí ti fọwọ́ sí i. Kò fọwọ́ sí i. Àwọn agbẹjọ́rò onílé náà máa ń ṣe bí ẹni pé ìwádìí ti sọ pé irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀rí kò tó" yàtọ̀ sí "kò rí bẹ́ẹ̀".

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń da èèyàn rú ni ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì tó ń rìn pọ̀ àti ohun tó fa èkejì. Ilé tó bu sábà máa ń jẹ́ ilé tó tutù, tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀, tí ìdílé tó wà níbẹ̀ kò sì lówó púpọ̀. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ níbẹ̀, èwo nínú wọn ló fà á? Ìdí nìyí tí ìwé ìjọba fi máa ń ṣọ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yẹn kò ní kí wọ́n má ṣírò. Ní 2007, olùwádìí EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹnì kejì láti yàrá ìwádìí Lawrence Berkeley, ṣírò pé nínú mílíọ̀nù 21.8 èèyàn tó ní ikọ́ fée ní orílẹ̀-èdè náà, a lè ka ti bíi mílíọ̀nù 4.6 sí ọ̀rinrin àti èbu inú ilé. Ní England, ìṣirò tí ìtọ́sọ́nà ìjọba ń lò ni pé ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí 5,000 ikọ́ fée tuntun àti 8,500 àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló bá ọ̀rinrin àti èbu inú ilé rìn.

Ṣé ìjọba ò ṣe ìwádìí tó ni?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, GAO, ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé ìròyìn jáde lórí ìbéèrè yìí gan-an. Wọ́n ka iṣẹ́ ìwádìí 65 tó ń lọ lọ́wọ́ ní EPA, ní iléeṣẹ́ ìlera àti ní HUD tó ń rí sí ilégbèé. Wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo 15 tí Institute of Medicine ní ó wà nínú ìmọ̀. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí àjọṣe tó láàárín àwọn tó ń ṣe é: àjọ kan kì í mọ ohun tí èkejì ń wá. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń fún aráàlú náà kò dọ́gba. Ìwé kan yóò ní kí o wọ ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ojú kí o tó nu èbu, òmíràn kò ní mẹ́nu kan ìdajì rẹ̀.

Ṣé kí n sanwó fún ìdánwò afẹ́fẹ́?

CDC àti EPA kò gba èèyàn níyànjú bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé. Kò sí ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè fi esi ìdánwò wé. Ní 2001, California ṣòfin pé kí ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ náà gbé ìwọ̀n èbu tí kò léwu kalẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì padà jábọ̀ ní 2005 pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà kò lè gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ró. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kò fi nọ́ńbà kankan sínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2009. Hóró èbu wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, iye rẹ̀ sì ń yí láti wákàtí sí wákàtí: bí o bá gbálẹ̀ láàárọ̀, yóò pọ̀, bí o bá jókòó jẹ́ẹ́, yóò dín. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó pa ẹnì kan lára kì í pa ẹlòmíràn.

EPA fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀nà ìdánwò kan tó ń ka àmì ìran (DNA) irú èbu 36 láti inú eruku ilé, tí wọ́n ń pè ní ERMI. Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ní 2013, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ EPA láti inú kìlọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ ń tà á fún aráàlú, àwọn onílé sì ń gbé ìpinnu ńlá ka orí nọ́ńbà tí EPA kò tíì fọwọ́ sí fún irú lílò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ̀ka ìlera California gbà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ rọrùn: àmì mẹ́rin ni kí èèyàn máa wò. Ibi tí omi ti bà jẹ́, ohun tó ń rin, èbu tí ojú rí, àti òórùn rẹ̀. Imú àti ojú ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. NIOSH, àjọ ìwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, náà gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde ní 2018 tó dúró lórí àwọn àmì bẹ́ẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn.

Kí ló dé tí igun kan fi ń bu, tí ìyókù ògiri kì í bu?

Ẹni tó bá ti ṣí àpótí aṣọ lẹ́yìn oṣù òjò mọ òórùn tó ń jáde níbẹ̀. Ìlànà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lára ògiri: omi àti afẹ́fẹ́ tí kò rìn.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbé omi ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Ní yàrá tó wà ní 20°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sára gíláàsì tó bá tutù dé 12°C. Ṣùgbọ́n èbu kì í dúró de omi tí ojú lè rí. Bí ojú ògiri bá ti lọ sílẹ̀ dé bíi 15°C nínú yàrá yẹn kan náà, ọ̀rinrin tó lẹ̀ mọ́ ọn ti tó ìdá 80, ìyẹn sì tó fún un láti hù. Igun ilé, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó lẹ̀ mọ́ ògiri ìta, àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń tutù jù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé níbẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Omi ọ̀hún lè wá láti ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà tó gbà wá ló sì ń sọ ẹni tí yóò tún un ṣe. Bó bá jẹ́ láti inú ilé ni, bíi èéfín ìkòkò, ìwẹ̀ àti aṣọ tí wọ́n sá sórí rédíétọ̀, èbu yóò fọ́n ká bí àmì kéékèèké níbi tó tutù, yóò sì pọ̀ nígbà òtútù. Bó bá jẹ́ láti òrùlé tàbí ògiri tó sán, àmì rẹ̀ yóò dà bí àwòrán ilẹ̀, yóò sì máa gbòòrò lẹ́yìn òjò. Èyí tó ń gòkè láti ìpìlẹ̀ kì í sábà kọjá mítà kan, ó sì máa ń fi ìlà iyọ̀ funfun sílẹ̀ níbi tó gòkè dé.

Ẹ̀bi ta ni, ayálégbé tàbí onílé?

Àwọn onílé kan ní ilé wọn kò lábùkù, pé ayálégbé ló ń ti fèrèsé pa, tó ń se ẹ̀wà fún wákàtí méjì láìdé ìkòkò, tí kì í sì tan ohun amúlégbóná. Òótọ́ ni pé aṣọ tí a fọ̀ tí a sá sínú yàrá lè tú omi tó tó lítà méjì sínú afẹ́fẹ́. Èsì àwọn ayálégbé ni pé owó iná ti gbówó lórí, pé fúláàtì tí wọ́n fún wọn kò níbi tí wọ́n lè sá aṣọ sí, pé fáànù ilé ìwẹ̀ ti kú láti ọdún méjì.

Ọ̀gá tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ilégbèé ní England wo ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Ó fi sí ojú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà ìjọba ti 2023 gbà á bẹ́ẹ̀: sísè, wíwẹ̀ àti mímí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ilé ló yẹ kó lè gba á. Ìwé ìlànà ìkọ́lé wọn sọ iye tó yẹ kó jáde: fáànù ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fa lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ilé ìdáná lítà 30 bó bá wà lókè sítóòfù, tàbí 60 bó bá wà níbòmíràn. Gbé abala tíṣù kan sẹ́nu fáànù tó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò fa nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tiwa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú àkójọ ìjọba England ṣáájú àjàkálẹ̀ Covid, ìdá 3 nínú 100 ìdílé White British ló ń gbé ilé tó ní ìṣòro ọ̀rinrin. Láàárín àwọn tó kọ ara wọn sílẹ̀ ní Black African, ìdá 9 ni.

Báwo ni a ṣe ń nu ún kó má padà?

Ohun tí EPA sọ ni pé bí ibi tó bu kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lóròó àti mẹ́ta níbùú lọ, èèyàn lè nu ún fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée, aboyún àti ọmọdé jáde kúrò níbẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ìbomú N95, àti awò ojú tí kò ní ihò. Ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ṣí fèrèsé. Fi ọṣẹ àti omi fọ ojú tó le, bíi táìlì àti férémù, kí o sì gbẹ ẹ́ pátápátá. Má gbo èbu gbígbẹ, nítorí yóò fò káàkiri ilé. Kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù àti bébà ògiri tó ti bu wọnú kì í sábà ṣe é gbà là, kíkó wọn dànù ló dáa.

Ní ti bílíìṣì, ìwé ìjọba gan-an kò fohùn ṣọ̀kan. EPA ní kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa lò nígbà gbogbo, nítorí èbu tó ti kú náà lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní ibi. CDC, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́yìn omíyalé, gbà á láàyè, bí kò bá ti ju ife kan lọ nínú gálọ́ọ̀nù omi kan. Àwọn méjèèjì gbà pé kò gbọ́dọ̀ pàdé amóníà láéláé, torí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Má kun ọ̀dà lé e lórí. Abẹ́ ọ̀dà ni èbu yóò ti máa jẹun, ọ̀dà yóò sì bó. Bí omi bá dà sílẹ̀, wákàtí 24 sí 48 ni àyè tó wà láti gbẹ ẹ́ kó tó hù. Ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, kí o sì jẹ́ kí ó wà lábẹ́ ìdá 60, láàárín 30 àti 50 bó bá ṣeé ṣe. Fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ìta kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí èbu sì tún yọ níbi kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi ṣì ń wọlé láti ibì kan. Ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lára, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí onílé nípasẹ̀ ímeèlì dípò ìpè lásán, kí o sì sọ nínú rẹ̀ bí ọmọ ìkókó, arúgbó tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nílé. Ní ilé káńsù àti ti àjọ ilégbèé, ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí onílé mọ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ 10 ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì lè ní kí o kọ́kọ́ mú ìwé dókítà wá kó tó wá wò ó.